Ìda Etí Tábìlì

Ẹ ti fura, ẹ kò sì ṣìnà: ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Látìnì kò gbọ́ Látìnì. Kò kọ́ ọ ní ilé ìwé, kò kọ́ ọ nílé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ará Róòmù kankan tó bá a ṣe ọ̀rẹ́ rí. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni, tó ti fẹ̀yìn tì, tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, tí ì bá sì gbayì títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ká ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń fi yangàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní fìlà kan tó dára, tó tún lọ yá òmíràn dé lé e lórí, ta ló tún máa wo ti ìsàlẹ̀?

Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ Látìnì tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò kún ọwọ́ ọmọ ìkókó, ó sì ń wọ́n wọn sórí gbogbo nǹkan bí iyọ̀. Èyí tó fẹ́ràn jù ni ìtàn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: sincere. Ó wà ní ìdí lẹ́tà, ó wà nínú káàdì ìbánikẹ́dùn. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ àti inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà ni wọ́n fi ń júwe. Látìnì á kọ́kọ́ bọ́ jígí ojú rẹ̀, á nù ún, á wá bi yín bóyá ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Bí ẹ bá ní ẹ mọ̀, kò ní gbọ́.

"Sine," á wí, á na ìka kan sókè, "láìsí. Cera," á na ìka kejì, "ìda. Láìsí ìda."

Nígbà náà ni yóò kó yín lọ sí Róòmù àtijọ́, níbi tí àwọn agbẹ́kùúta oníjìbìtì ti ń fi ìda dí ibi tí ère wọn bá ti sán, tí wọ́n á fi eruku òkúta pa á lára, tí oníbàárà á gbé ère rẹ̀ relé tayọ̀tayọ̀, títí oòrùn á fi mú, tí imú ère á yọ́, tí á já bọ́ lójú àlejò. Ìdí nìyẹn, ó ní, tí àwọn olóòótọ́ inú wọn fi ń kọ ọ́ sára iṣẹ́ wọn pé sine cera, tí àwa náà fi ń sọ ọ́ dòní.

Ìtàn náà dùn, a ò ní tìtorí ohun tó ń bọ̀ purọ́ mọ́ ọn. Ó ti sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó, ó ti sọ ọ́ létí sàréè. Ó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́, títí nọ́ọ̀sì fi gbàgbé apá tó fẹ́ gún. Ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti rí i ni kò jẹ́ sọ. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ni, kàlẹ́ńdà àwọn tó ń ta oògùn ikọ́, nígbà tó ṣì jẹ́ tíṣà kékeré. Ọdún parí, wọ́n sọ kàlẹ́ńdà nù, ìtàn kù sílẹ̀.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Kékeré bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ga ju bàbá rẹ̀ lọ, ló mú káfíńtà wálé. Káfíńtà náà kò níwà burúkú. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló kéré, èérún igi sì máa ń wà nínú irun rẹ̀ kódà lọ́jọ́ ìsinmi. Látìnì wò ó bí ìgbà tí èèyàn ń wo ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá tí ọmọ da omi sí.

"Ibo lo kàwé dé?"

"Mo kà díẹ̀, sà. Mo wá lọ kọ́ṣẹ́."

"Kí ló dé tí o ò kà á tán?"

"Mi ò tíì rí ẹni tó kà á tán, sà."

Kékeré bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, tó fi abẹ́rẹ́ há ẹnu nídìí máṣíìnì rẹ̀, fi ẹ̀rín tirẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn aṣọ tó ń rán. Bàbá kò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ pé ọwọ́ káfíńtà yìí ni ilé ìwé tí Látìnì ti ṣiṣẹ́ gbé tábìlì yàrá ìkàwé tuntun lé. Látìnì sì wà nínú ìgbìmọ̀ tí yóò yẹ̀ wọ́n wò. Ló bá rí ọ̀nà.

"Iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin ni ẹlẹ́rìí rẹ̀," ó wí fún un. "Bí ìgbìmọ̀ bá gba tábìlì rẹ, èmi náà gbà ọ́ lọ́mọ. Bí wọn ò bá gbà á, má wulẹ̀ padà wá síbí."

"Dádì, ṣé tábìlì ló fẹ́ fẹ́ mi ni?" Kékeré béèrè.

"Tábìlì kì í já èèyàn kulẹ̀."

"Èyí tí ẹ rà sílé yìí ńkọ́?" ni ìyá wí, láìyọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, nítorí tábìlì ìjẹun ilé wọn ti ń fi ìwé àtijọ́ ṣe ẹsẹ̀ kẹrin láti ìgbà pípẹ́.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe dúró. Káfíńtà ní òun gbọ́. Ó lọ ṣe tábìlì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ àyẹ̀wò, Látìnì yọ sí ilé iṣẹ́ káfíńtà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀gá ńlá, lójú tirẹ̀, kì í sọ pé àwọn ń bọ̀. Ilẹ̀kùn ńlá wà ní ṣíṣí gbayawu, wọ́n ti tì í mọ́ ara ògiri. Òórùn igi tútù àti gọ́ọ̀mù kún inú ibẹ̀, èérún igi lọ́ kọ́lọkọ̀lọ nílẹ̀ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀. Àwọn tábìlì tò lọ títí kan ògiri ẹ̀yìn. Ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ pákó ẹyọ kan, kò ní àlẹ̀mọ́, káfíńtà sì ti fín ìlà tóóró kan yí etí rẹ̀ ká. Wọ́n dára. Látìnì rí i pé wọ́n dára, èyí sì bí i nínú díẹ̀.

Bó ṣe tẹ̀ síwájú láti wo ti àkọ́kọ́ ni iná lọ.

Látìnì kì í lo tọ́ọ̀ṣì. Ó ní ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì kò lọ́lá. Àbẹ́là ló máa ń gbé sínú àpò, ó yọ ọ́, ó ṣáná sí i, ó gbé e sókè bí ẹni fẹ́ wọ ààfin lọ. Káfíńtà la ẹnu. Ó wo ojú bàbá ẹni tó fẹ́ fẹ́, ó pa ẹnu dé. Ó sáré lọ sí kọ̀rọ̀, ó gbé garawa iyanrìn kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ẹsẹ̀ fún ẹsẹ̀, tábìlì dé tábìlì.

Èyí dùn mọ́ Látìnì nínú. Ó mọ̀ pé àwọn ọba kan wà láyé àtijọ́ tí èèyàn ń gbé nǹkan tẹ̀ lé lẹ́yìn. Kò mọ ohun tí iyanrìn wà fún, ṣùgbọ́n kò béèrè. Ọ̀mọ̀wé kì í béèrè. Ó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbé àbẹ́là lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí tábìlì, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi. Kò rí àbùkù kankan. Ó fẹ́ àbẹ́là pa, ó ní, "A ó rí i lọ́la," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní kùtù hàì, káfíńtà ti kó tábìlì rẹ̀ sínú ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

Oòrùn wọlé gba fèrèsé yàrá ìkàwé lọ́jọ́ náà, ojú àwọn tábìlì ń tàn. Ọ̀gá ilé ìwé, obìnrin kan tí Látìnì fúnra rẹ̀ kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó wà lọ́mọdé, fi ọwọ́ pa wọ́n lórí. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ jókòó sí ọ̀kan, ó fi ìgúnpá tì í, ó ní òun lè sùn síbẹ̀. Kékeré gbàyè níbi iṣẹ́, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ku kí wọ́n fọwọ́ sí i.

Látìnì fi ìka tẹ̀ lé ìlà etí tábìlì lọ. Nǹkan kan há sí èékánná rẹ̀. Ó gbé e sójú. Ó funfun, ó rọ̀.

Ẹ má bi wá bóyá inú rẹ̀ bàjẹ́. Ọkàn rẹ̀ fò sókè bíi ti ọmọ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ pé kó wá gba ẹ̀bùn.

"Ìda," ó wí.

Gbogbo wọn yíjú. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún. Ọ̀gá ilé ìwé mọ ohun tó ń bọ̀, ó fà sẹ́yìn díẹ̀. Sine. Cera. Wọ́n lọ sí Róòmù, wọ́n dé ibi oòrùn, imú ère já bọ́. "Ibi tí ìda bá wà," ó fi parí rẹ̀, "ojú sísán ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó dí igi lónìí, ọ̀la ló máa dí ẹnu, ọ̀tunla ló máa dí ilé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin yìí kì í ṣe sincere."

Káfíńtà wo ìda tó wà léèékánná rẹ̀. Ó wo Látìnì. Ó wo ilẹ̀.

"Ṣé ẹ ní nǹkan láti sọ?" ọ̀gá ilé ìwé bi í.

"Rárá, mà."

"Kò sí nǹkan kan tẹ́ ẹ fẹ́ sọ?"

"Mi ò ní nǹkan tí mo lè sọ, mà."

Wọ́n dá tábìlì padà. Àwọn tó fi ayọ̀ gbé wọn wọlé náà ló gbé wọn jáde, wọn ò wo ojú ara wọn. Bí Látìnì ṣe ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, Kékeré yà fún un.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ó wí. Kò pè é ní sà rí.

Nílé, máṣíìnì ìyàwó rẹ̀ ń dún láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó sì ní bí máṣíìnì ṣe máa ń dún tí inú bá ń bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Kékeré ń jẹun nínú yàrá tirẹ̀. Látìnì ní kò burú, òtítọ́ korò. Inú rẹ̀ tún dùn sí i nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé ránṣẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó kọ ìtàn ìda náà sílẹ̀ fún ògiri yàrá ìkàwé, kó sì sọ ìwé tó ti rí i.

Ìwé. Kò lè kọ kàlẹ́ńdà oògùn ikọ́ sára ògiri. Ṣùgbọ́n ìwé atúmọ̀-èdè ńlá kan wà lórí pẹpẹ rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ tó kọ́ dá jọ rà fún un lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì. Ó ṣì wà nínú náílọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó ya náílọ́ọ̀nù, ó ṣí i, ó rí ọ̀rọ̀ náà.

Ó kà á, ó jókòó, ó tún un kà.

Ìwé náà kò pariwo. Ó ní láti inú sincerus ni sincere ti wá, ohun tó mọ́, tí kò lábùlà. Ó ní àwọn onímọ̀ kan gbà pé ohun tó hù láti orísun kan ṣoṣo ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ń wí. Ó wá fi lẹ́tà wínníwínní kún un pé ìtàn àwọn agbẹ́kùúta àti ìda, tí àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ kiri, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ooru mú un láti ọrùn dé etí. Gbogbo ibi tó ti sọ ọ́ rí dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wò ó: ìyàwó ọ̀ṣìngín tó ń fi ẹsẹ̀ kan dúró nítorí bàtà rẹ̀ ń dùn ún, àwọn opó, nọ́ọ̀sì yẹn. Ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ lókè, ìka méjì. Ó fẹ́ gé ìka náà. Nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ó ti ìwé bọ abẹ́ tìmùtìmù àga bí olè ọmọdé.

Ìyàwó rẹ̀ wá jókòó sórí àga náà gan-an.

"Kí ni mo jókòó lé?"

"Ìwé ni."

"Ìwé wo ló ń sùn lábẹ́ tìmùtìmù?"

Obìnrin náà yọ ọ́, ó rí ojú ìwé tó ti ká, ó fi ìka tẹ̀ lé e, ẹnu rẹ̀ ń mì. Ó pa ìwé dé wọ́ọ́rọ́.

"Ó mà ṣe o, bàbá Kékeré."

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Nọ́ọ̀sì?" Ó gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. "Ẹyin lohùn, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ lọ ṣa èyí tẹ́ ẹ fọ́. Ọmọ ọlọ́mọ lẹ fi ìtàn yìí lé jáde."

Kò sùn dáadáa. Ní òwúrọ̀ ó wọ aṣọ tó fi ń lọ síbi ìsìnkú, ó lọ bá ọ̀gá ilé ìwé ní ọ́fíìsì rẹ̀. Obìnrin náà ní kó jókòó, kò jókòó.

"Ìtàn ìda yẹn," ó wí, ó ń wo wáàsì òdòdó tó wà lórí fèrèsé, "irọ́ ni. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ni mo ti rí i. Mi ò gbọ́ Látìnì. Mi ò gbọ́ ọ rí."

Ọ̀gá ilé ìwé tún bíírò rẹ̀ tò, bẹ́ẹ̀ bíírò náà ò wọ́ tẹ́lẹ̀.

"A mọ̀, sà."

"Ẹ mọ̀?"

"Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa lọ kọ́ Látìnì ní yunifásítì. Òun ló wá sọ fún wa."

"Gbogbo yín lẹ mọ̀?"

"Gbogbo wa kọ́, sà. Àwọn tó ń jókòó lẹ́yìn kì í gbọ́ nǹkan kan."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ṣì ń pàtẹ́wọ́?"

"Ẹ máa ń sọ ọ́ dáadáa, sà. Pàápàá ibi imú yẹn." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìdí tá a fi ra ìwé atúmọ̀ yẹn fún yín nìyẹn. Ojú ń tì wá láti sọ ọ́. A ní bẹ́ ẹ bá ṣí i, ẹ máa fojú ara yín rí i. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tá a bá wá kí yín, a máa ń rí náílọ́ọ̀nù lára ẹ̀. Ìdí tí mo tún fi ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ nìyẹn."

Látìnì wá jókòó báyìí, kì í ṣe pé ó fẹ́. Ó ti ń gbé orúkọ náà kiri bí oyè, àṣé àwọn ọmọ tó fún un ní orúkọ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì tún ń káàánú rẹ̀. Ewo nínú méjèèjì ló burú jù, kò lè sọ.

"Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé irọ́ ni, kí ló dé tẹ́ ẹ fi dá tábìlì ọmọ yẹn padà?"

"Kì í ṣe nítorí Látìnì, sà. Ìda la rí. Ẹ̀yin lẹ fi èékánná yọ ọ́ lójú gbogbo wa, òun náà ò sì jiyàn."

Ẹni tó ń rì sómi kì í wo bí igi tó rí ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Látìnì dì í mú. Lóòótọ́, ìda wà níbẹ̀. Títì ni ó ń rìn, ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀: Látìnì lè jẹ́ irọ́, ìda kì í ṣe irọ́. Kó tó dé ìdajì ọ̀nà, ọrùn rẹ̀ ti ń nà padà díẹ̀díẹ̀. Ó ti pinnu ohun tó máa ṣe. Òun á tọrọ àforíjì nítorí ìtàn Látìnì yẹn, òun á sì dárí ìda ji káfíńtà; ìtìjú á wá pín sí méjì, kò ní wúwo jù lórí ẹnì kan.

Ilẹ̀kùn ńlá ilé iṣẹ́ náà wà ní títì sí ìdajì. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan gàdàgbà gàdàgbà sára rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú Látìnì kò sí ní ara ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ló ń tò. Nínú ilé, káfíńtà tẹ̀ mọ́ orí tábìlì kan, ó ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ha etí rẹ̀. Kékeré ń fi àkísà nu òmíràn.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni káfíńtà wí. Kékeré kò gbójú sókè.

"Mo wá nítorí Látìnì," bàbá bẹ̀rẹ̀. "Kò rí bí mo ṣe sọ ọ́. Kò sí ìda nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó mọ́ ni. Wọ́n tilẹ̀ ní ohun tó hù láti orísun kan ni." Ojú rẹ̀ bọ́ sórí tábìlì, pákó ẹyọ kan láti orí dé ìdí, ó sì gbé ojú kúrò kíákíá. "Mo ṣì ọ̀rọ̀ sọ níwájú èèyàn, mo tọrọ àforíjì. Ní ti ìda tó wà lára igi, mo ti dárí ẹ̀ jì ẹ́. Ọ̀dọ́ ni ẹ́. Kò sẹ́ni tí kì í dí nǹkan."

"Ẹ ṣé, sà."

Kékeré sọ àkísà sílẹ̀. "Ẹ dárí kí ni jì í?"

"Fi í sílẹ̀, jọ̀ọ́," ni káfíńtà wí.

"Mi ò fi í sílẹ̀. Bó o ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn náà nìyẹn. Dádì, ẹ wá. Ibi tẹ́ ẹ ti yọ ìda rèé. Ojú sísán dà?"

Látìnì tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà náà lọ, ó fi bọ̀. Ó jọ̀lọ̀ bí etí ife. Kò sán níbì kankan.

"Ẹ wo èyí."

Ẹ̀kán ìda funfun kan wà ní etí tábìlì kejì náà, ó ti gbẹ síbẹ̀, ní ibi kan náà.

"Àti èyí. Àti èyí tó wà lọ́hùn-ún. Gbogbo wọn ló ní i, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ipa ẹsẹ̀ ẹni tó rọra ń rìn lọ, tó ń dúró. Ṣé ẹ rí bó ṣe funfun? Ìda tí wọ́n fi ń dí igi kì í funfun, Dádì, àwọ̀ igi ni wọ́n máa ń fún un."

"Ta ló wá kán an síbẹ̀?" Látìnì béèrè, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Káfíńtà ń wo kọ̀rọ̀ tí garawa iyanrìn wà. Látìnì náà wò ó. Ó yíjú kúrò níbẹ̀, ó ń wá ibòmíràn tó lè wò, ojú rẹ̀ sì bọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí wọ́n ti tún ọ̀rọ̀ pupa ìta náà kọ kí ẹni tó wà nínú má baà gbàgbé: Ẹ MÁ TANÁ NÍHÌN-ÍN.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ilé iṣẹ́ náà, ẹnì kan ṣoṣo ló tíì tan àbẹ́là nínú rẹ̀ rí.